JAMB 284, Mẹ́dísìn ò gbà á: bí ọ̀rọ̀ ọmọ Ìjùmú kan ṣe lọ látìbẹ̀rẹ̀

Ọmọbìnrin náà gba 284 nínú JAMB, ó kọ Mẹ́dísìn sí fọ́ọ̀mù, kò rí ádímíṣọ̀n. Ọmọkùnrin kan tí ilé wọn ò jìnnà síra gba 262, yunifásítì kan náà, kọ́ọ̀sì kan náà, òun wọlé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ ni gbogbo ariwo ti bẹ̀rẹ̀, àwọn kan ní wọ́n ti ta ipò ọmọ náà, àwọn kan ní torí pé ọmọ Kógì ni wá ni wọn ò ṣe kà wá sí, bàbá ẹ̀ tiẹ̀ ní òun máa wá lọ́yà. Èmi ni mo kọ́ àwọn méjèèjì ní Kẹ́mísìrì ní lẹ́sọ̀nì tí mò ń ṣe ní Kabba, mo rí èsì ìdánwò àwọn méjèèjì, àwọn òbí wọn sì gbà kí n kọ ọ́ síta tí mi ò bá ti dárúkọ ẹnì kankan. Mi ò ní dárúkọ yunifásítì náà pẹ̀lú. Mo fẹ́ kí àwọn òbí ní Ìjùmú, Kabba, Búnú àti Yàgbà kà á dáadáa, torí pé ọdọọdún ni irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa.

Ọdún 2022 ni. JAMB ọdún náà bọ́ sínú oṣù karùn-ún, WAEC tún bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kan náà, kò sí àyè láti mí. Ọmọ yìí wà ní SS3 ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní Ìjùmú, ìyá ẹ̀ ń ta gààrí àti èlùbọ́, bàbá ẹ̀ jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Lọ́kọ́jà ló ti kọ JAMB, ìdánwò àárọ̀ kùtù ni wọ́n fún un, ẹ sì mọ ọ̀nà wa, láti Kabba gba Obajánà, ọkọ̀ tírélà sìmẹ́ńtì lọ́tùn-ún lósì, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọmọ òun wà lójú ọ̀nà yẹn kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà ọjọ́ tó ṣáájú ni wọ́n ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ìbátan bàbá ẹ̀ kó lè sùn níbẹ̀.

Àwọn tí kò bá mọ̀, JAMB jẹ́ ìbéèrè 180 ní wákàtí méjì, Gẹ̀ẹ́sì 60, àwọn iṣẹ́ mẹ́ta yòókù 40 níkọ̀ọ̀kan, ti Mẹ́dísìn sì ni Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì. Lórí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹ̀, ìdáhùn mẹ́rin ló wà níwájú ẹ, kí o mú ọ̀kan. Kò sí pé wọ́n ní kó o kọ lẹ́tà, kò sí pé wọ́n ní kó o fọwọ́ kan ohun èlò kankan. Ọmọ yìí yára, orí ẹ̀ pé, a ti fi ìbéèrè àtijọ́ bá a jà títí ó fi ń rí ìdáhùn kí ó tó ka ìbéèrè tán. Gẹ̀ẹ́sì 68, Bàọ́lọ́jì 73, Kẹ́mísìrì 74, Físíìsì 69. Àpapọ̀ ẹ̀ ni 284 nínú 400. Láàárín ọ̀pọ̀ ọmọ tí kì í lè dé 200, 284 kì í ṣe máàkì kékeré rárá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n pè é síwájú, pásítọ̀ gbàdúrà fún un, láti ọjọ́ yẹn lọ ni gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Dókítà.

Nígbà tí WAEC jáde, kò sẹ́ni tó pè é síwájú ìjọ. Gẹ̀ẹ́sì C6, Ìṣirò B3, Físíìsì C5, Kẹ́mísìrì B2, Bàọ́lọ́jì B3. Kíréditì márùn-ún pé, ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan péré, kò sí F9, àwọn òbí dúpẹ́ wọ́n sì gbé èsì náà pamọ́. "Tíṣà, ó ti yege o, ó ku yunifásítì," bẹ́ẹ̀ ni ìyá ẹ̀ wí fún mi. Lójú ọ̀pọ̀ òbí, WAEC jẹ́ ohun tí ọmọ ń yege tàbí kí ó má yege, C6 àti A1, ìkan náà ni wọ́n, kíréditì ni kíréditì.

Lẹ́yìn náà ni Post-UTME, ìyẹn ìdánwò tí yunifásítì fúnra wọn máa ń ṣe fún àwọn ọmọ tó yàn wọ́n, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2005 nígbà tí àwọn yunifásítì ní máàkì JAMB àwọn ọmọ kan ò bá ohun tí wọ́n ń rí nínú kíláàsì mu. Àwọn ASUU, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì láti oṣù kejì ọdún yẹn, wọn ò sì dá a dúró títí di oṣù kẹwàá, gbogbo nǹkan wá rọ́ síwájú. Ọmọbìnrin wa ti padà sílé, ó ń bá ìyá ẹ̀ tajà, ìwé ti di ohun tó ń ṣí lálẹ́ bí iná bá wà. Ọmọkùnrin kejì ò kúrò ní lẹ́sọ̀nì, torí pé bàbá ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀ pé máàkì JAMB ẹ̀ ò ga tó. Nígbà tí ìdánwò náà dé, 30 ni wọ́n ń gbà á lé, ọmọbìnrin gba 17, ọmọkùnrin gba 21.

Ìṣirò tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ló kàn, mo sì bẹ yín, ẹ má fò ó.

Yunifásítì yìí máa ń pín 100 báyìí: JAMB kó 50, Post-UTME kó 30, WAEC kó 20. Wọ́n á pín máàkì JAMB sí 8, iṣẹ́ márùn-ún tó kan kọ́ọ̀sì náà ni wọ́n sì máa ń wò nínú WAEC, A1 jẹ́ pọ́ìntì 4, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2. Ti ọmọbìnrin: 284 pín sí 8 jẹ́ 35.5, Post-UTME 17, WAEC ẹ̀ ń jẹ́ 2 pẹ̀lú 3.2 pẹ̀lú 2.4 pẹ̀lú 3.6 pẹ̀lú 3.2, ìyẹn 14.4, àpapọ̀ ẹ̀ 66.9. Ti ọmọkùnrin: 262 pín sí 8 jẹ́ 32.75, Post-UTME 21, WAEC ẹ̀ A1 mẹ́ta, B2 kan, B3 kan, ìyẹn 18.8, àpapọ̀ ẹ̀ 72.55. Iye tí ọmọ Kógì ní láti ní kó tó wọ Mẹ́dísìn níbẹ̀ lọ́dún yẹn lé díẹ̀ ní 71. Ẹnì kankan ò ta ipò ẹnì kankan.

Ọjọ́ tí mo kọ ọ́ sórí pátákó fún bàbá ẹ̀, ó dákẹ́, ó wò ó, ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. Ohun tó dá a dúró jù ni ìgbà tí mo fi hàn án pé máàkì JAMB kan ṣoṣo ò ju 0.125 lọ nínú àpapọ̀ yìí. Máàkì Post-UTME kan ń jẹ́ máàkì JAMB mẹ́jọ. Kí ọmọ kúrò ní C6 sí A1 nínú Gẹ̀ẹ́sì nìkan, pọ́ìntì méjì ni, ìyẹn máàkì JAMB 16. Ọmọ tí gbogbo márùn-ún ẹ̀ bá jẹ́ C6 àti ọmọ tí gbogbo márùn-ún ẹ̀ bá jẹ́ A1, pọ́ìntì mẹ́wàá ló wà láàárín wọn, ó sì máa gba máàkì JAMB 80 kí ti C6 tó lè bá a. Ta ló fẹ́ fi máàkì 80 lé ẹnì kejì bá nínú JAMB? Torí èyí ni inú mi kì í fi í dùn tí mo bá gbọ́ tí òbí ń sọ pé kíréditì ni kíréditì.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ti ọ̀rọ̀ Kógì yìí, torí pé òun ni àwọn èèyàn wa máa ń gbé gbóná jù. Bí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ṣe ń pín ipò ni pé 45 nínú 100 jẹ́ ti mẹ́ríìtì, ẹni tí máàkì ẹ̀ bá ga jù ló ni ín, ibi yòówù kó ti wá. 35 jẹ́ ti catchment, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó yí yunifásítì náà ká. 20 jẹ́ ti ELDS, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí pé ẹ̀kọ́ ìwé ò tíì rinlẹ̀ níbẹ̀ tó, Kógì sì wà nínú ẹ̀, Kwara náà wà níbẹ̀. A jẹ́ Yorùbá, a ń sọ Yorùbá nílé, àmọ́ nínú ìwé ìjọba, àárín gbùngbùn àríwá ni wá, fún ìdí èyí catchment Unilag àti ti OAU ò dé ọ̀dọ̀ wa, ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ni tiwọn. Ọmọ Okun, ìyẹn àwa Yorùbá Kógì, tó bá kọ ibẹ̀, mẹ́ríìtì tàbí ELDS ló kù fún un. Àwọn yunifásítì tí Kógì wà nínú catchment wọn, irú Ìlọrin, ọ̀nà mẹ́ta ló ṣí fún ọmọ wa níbẹ̀. Bàbá ọmọ yìí ti fi gbogbo ayé ẹ̀ ṣe tíṣà, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún un rí. Kò burú pé ọmọ wa kọ Èkó tàbí Ifẹ̀, ọ̀pọ̀ ti ibẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n kí ó mọ ilẹ̀kùn tó ń kàn kí ó tó kàn án.

Ipò Mẹ́dísìn kò pọ̀ níbikíbi. Àjọ MDCN tó ń mójú tó iṣẹ́ dókítà ló ń sọ iye ọmọ tí yunifásítì kọ̀ọ̀kan lè gbà sí Mẹ́dísìn lọ́dún, èyí tó bá kọjá ẹ̀ máa fojú winá, nítorí náà kò sí bí ọ̀gá kan ṣe lè sọ pé òun á fi ọmọ kan kún un.

Àmọ́ ẹnì kan pe ìyá ẹ̀ láti Lọ́kọ́jà, ó ní òun mọ èèyàn nínú yunifásítì náà, kó mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà 350 náírà wá, orúkọ ọmọ ẹ̀ á jáde nínú lísìtì kejì. Obìnrin yìí ti ń ka owó. Ó ti ní òun á ta ilẹ̀ tí òun rà ní Kabba. Ó wá bá mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ dákun, ṣé kí n ṣe é?" Mo ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é o." Mo ṣàlàyé fún un pé láti 2017 tí CAPS, ìyẹn ètò tí JAMB fi ń ṣe ádímíṣọ̀n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti dé, yunifásítì ló ń dábàá orúkọ, JAMB ló ń fọwọ́ sí i, ọmọ fúnra ẹ̀ ló sì máa gbà á tàbí kọ̀ ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ibi tí ẹni tó wà ní Lọ́kọ́jà yẹn ti fẹ́ fọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó gbà, ilẹ̀ ò tà. Mo mọ àwọn tí wọn ò rẹ́ni sọ fún, tí wọ́n fi owó ṣòfò, tí ọmọ ò sì wọlé. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí gan-an ni, torí pé ìgbà tí ìyá bá ti ń sunkún ni irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ń pe fóònù.

Ìbéèrè tó kù ni pé báwo ni ọmọ tó gba 69 nínú Físíìsì JAMB ṣe gba C5 nínú Físíìsì WAEC. Mo bi í, ó sọ fún mi. Tíṣà Físíìsì wọn kúrò nígbà tí wọ́n wà ní SS2, wọn ò rọ́pò ẹ̀. Láàbù wà, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ẹ̀ ti bàjẹ́ tipẹ́. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí waya àti mítà tí wọ́n fi ń wọn iná lójú ni ọjọ́ prátíkà WAEC gan-an, ìyẹn ìdánwò tí wọ́n ń fi ohun èlò gidi ṣe, ó ní òun ń wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kí òun tó mọ ibi tí wọ́n ń so ó mọ́. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? JAMB ò ní kó kọ ẹ́sè, ìyẹn àròkọ, WAEC ní kó kọ ọ́, ó tún ní kó ṣe sọ́márì, ọmọ yìí ò sì tíì kọ ẹ́sè kan tí tíṣà fi bírò pupa tún ṣe fún un rí láti SS1. Kíláàsì wọn pọ̀, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì kan ló ń kó gbogbo wọn. Nínú JAMB, ó kàn ń mú ìdáhùn tó tọ́ ni. WAEC ní kí ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́, kó sì fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe é.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan tó ń bí mi nínú. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yìí ò ṣe expo, ìyẹn màgòmágó nínú ìdánwò. Ọ̀gá wọn ò gbà á, ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà á, mo bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí òbí ń san owó kí wọ́n lè kọ ìdáhùn sójú pátákó fún ọmọ, A1 á wá kún ìwé ẹ̀, pọ́ìntì yẹn náà ni yunifásítì á fi ṣírò. Ọmọ tó kọ C6 tòótọ́ ló ń sanwó fún ìyẹn. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe bá àwọn tó ní kí wọ́n fòpin sí Post-UTME lọ, ìjọba fòpin sí i ní 2016, wọ́n dá a padà ní 2017, òun nìkan ni ọmọ olóòótọ́ fi lè fi ara ẹ̀ hàn.

Kí la wá ṣe? Yunifásítì náà fi kọ́ọ̀sì míì, tí kì í ṣe ti ìlera rárá, síwájú ẹ̀ lórí CAPS. Bàbá ní kó gbà á, ìyá ní kó dúró, èmi ò dá sí i, mo ní ọmọ ni yóò ka ìwé náà. Ó sunkún, ó kọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà la jókòó.

Àkọ́kọ́, bàbá ní kó tún Gẹ̀ẹ́sì àti Físíìsì nìkan kọ, kó fi méjèèjì pa pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Mo ní rárá. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ni kì í gba ìjókòó méjì fún Mẹ́dísìn, bí àwọn kọ́ọ̀sì yòókù tiẹ̀ ń gbà á. Gbogbo iṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ tún kọ lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́ọ̀mù WAEC ti àwọn tí kì í ṣe ọmọ ilé ẹ̀kọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní GCE, wà níta nígbà yẹn fún ìdánwò oṣù kìíní àti oṣù kejì, ó kù díẹ̀ kó tì, ìyá ẹ̀ yá owó, wọ́n gbà á.

Ohun kan wà nínú GCE tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: wọn kì í fún wọn ní prátíkà gidi bíi ti ọmọ ilé ẹ̀kọ́, bébà ni wọ́n fi ń rọ́pò ẹ̀. Wọ́n á yàwòrán ohun èlò náà, ìwọ á ka nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀, wàá fi ṣe tábìlì, wàá ya gíráàfù. Fún ọmọ tí kò ní láàbù, àǹfààní ni tó bá múra sílẹ̀, tí kò bá múra, ńṣe ló máa kà á ní kíkà tí kò tọ́. Tíṣà Físíìsì kan ní Kabba, ọ̀rẹ́ mi, ló gbà á. Ó ń fi rúlà àti mítà gidi hàn án lákọ̀ọ́kọ́ kó tó gbé àwòrán síwájú ẹ̀. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, bàbá ẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ló gbà á funra ẹ̀, ó ń fún un ní ẹ́sè kan lálaalẹ́, ó sì ń fi bírò pupa tún un ṣe. Inú mi dùn láti rí ọkùnrin yẹn bó ṣe jókòó sábẹ́ iná sólà tó ń ka sọ́márì ọmọ ẹ̀.

GCE jáde: Gẹ̀ẹ́sì B2, Ìṣirò A1, Físíìsì B3, Kẹ́mísìrì A1, Bàọ́lọ́jì B2. Bí a bá fi òṣùwọ̀n ti yunifásítì àkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, 18.4 ni. Ó tún JAMB kọ, ó gba 276. Àwọn ará àdúgbò ní ó ti jábọ́, àwọn kan ní kó gbàgbé Mẹ́dísìn. Mo pe bàbá ẹ̀ síbi pátákó lẹ́ẹ̀kan sí i. 276 pín sí 8 jẹ́ 34.5, fi 18.4 kún un, ó di 52.9. Ti ọdún tó kọjá, 35.5 àti 14.4, 49.9 ni. Kó tó wọ gbọ̀ngàn Post-UTME, ó ti fi pọ́ìntì mẹ́ta ju ara ẹ̀ àtijọ́ lọ, ìyẹn máàkì JAMB 24, bẹ́ẹ̀ JAMB ẹ̀ lọ sílẹ̀ pẹ̀lú máàkì mẹ́jọ. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, kí ló dé tí wọn kì í sọ èyí ní ìpàdé òbí?"

Yíyan yunifásítì náà mú àríyànjiyàn wá. Mo ti dábàá Ìbàdàn torí pé wọn kì í fún WAEC ní pọ́ìntì, JAMB pín sí 8, Post-UTME pín sí 2, ó tán, tí kò bá jẹ́ pé GCE jáde dáadáa ibẹ̀ ni à bá dojú kọ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú 18.4 lọ́wọ́, ibi tí wọ́n ti ń ka WAEC ló sàn fún un. Ìyá ẹ̀ fẹ́ ibi tó sún mọ́lé. Wọ́n yan yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan tí Kógì wà nínú catchment ẹ̀. Wọ́n gbé GCE náà lọ síbi CBT, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kọ JAMB lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi sórí JAMB, mo ní kí wọ́n fi fóònù wò ó lójú mi pé ó ti hàn lóòótọ́, torí pé ọmọ tí èsì ẹ̀ ò bá sí níbẹ̀, yunifásítì ò lè dábàá orúkọ ẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò kúrò ní lẹ́sọ̀nì títí Post-UTME fi dé, ojoojúmọ́ la ń ṣe ìbéèrè pẹ̀lú aago.

Orúkọ ẹ̀ jáde nínú lísìtì catchment. Ó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà á lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tẹ ìwé ádímíṣọ̀n JAMB ẹ̀ jáde, ìyá ẹ̀ gbé e wá sí lẹ́sọ̀nì, ó kó èlùbọ́ wá fún mi. Ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n ní ẹni tí kò bá dé máàkì tí wọ́n là kalẹ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò ní Mẹ́dísìn. Ó dé e. Ó ti kọjá sí 200 level, Anatomy ló ń kà báyìí, àbúrò ẹ̀ ọkùnrin tó wà ní SS2 sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sọ́dọ̀ tíṣà Físíìsì kan náà ní gbogbo Sátidé, bàbá wọn ló sì ń tún ẹ́sè tiẹ̀ náà ṣe.